Ta Ni Yóò San Owó Kòkó Tó Jóná? Lẹ́tà sí Ọ̀gágun Bírígéèdì 32 ní Àkúrẹ́

Sí Ọ̀gágun tó ń darí Bírígéèdì 32 ti Àwọn Ọmọ-ogun Orí-ilẹ̀ Nàìjíríà, Àkúrẹ́.
Ẹ̀dà sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó.

Ọ̀gágun wa,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ẹ̀sùn. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Àgọ́ Aláyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó. Ohun méjì ló ń bà wá lẹ́rù níbí ju gbogbo nǹkan lọ: ajínigbé àti iná ọyẹ́. Ẹ̀ ń bá wa lé àkọ́kọ́. Èkejì ni mo fẹ́ kí a jọ sọ, kó tó di pé ẹ̀yin fúnra yín ṣèèṣì mú un wọlé tọ̀ wá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi yá báyìí kò fara sin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ igbó sí gbogbo ìpínlẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìbọn, kí wọ́n sì kó wọn wọ igbó. Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá, ti wà nínú igbó láti ọdún 2020. Àwọn sójà náà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Igbó ọba Olúwa wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, kòkó sì yí i ká, títí kan èyí tó ti wọ inú rẹ̀ lọ, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tí yóò bá fi ìbọn jà nínú igbó gbọ́dọ̀ fi ìbọn dánra wò nínú igbó. Ìyẹn yé wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wa ni bí ìdánrawò náà yóò ṣe rí nígbà tí ewé bá gbẹ.

Ìkéde kan wà tí a máa ń gbọ́ láti bárékè kan tàbí òmíràn ní ilẹ̀ yìí: àwọn ọmọ-ogun fẹ́ ṣe ìdánwò ìbọn yínyìn ti ọdọọdún, kí ará ìlú má fòyà bí wọ́n bá gbọ́ ìró, kí ẹnikẹ́ni má sì súnmọ́ ibẹ̀. Ìkéde tó dára ni, àmọ́ etí wa nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Agbègbè Orè wa yìí mọ ìró ìbọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ-ogun Bìáfírà gba ìlú Benin kọjá, tí wọ́n dé Orè kí wọ́n tó dá wọn dúró, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń sọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá pé ó le kú, ìjà Orè. Ìró kò lè lé wa kúrò nílé. Iná tó tẹ̀lé ìró ni ìkéde náà kì í mẹ́nu kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí iná ń ṣe sí oko kòkó, nítorí ẹni tí kò bá dá oko kòkó rí lè rò pé bí iná bá kọjá tí igi ṣì dúró, igi ti yè. Abẹ́ kòkó tó ti dàgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní koríko. Ewé ni ó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ni ó sì ń bọ́ jù, tí yóò fi mu ènìyàn dé kókósẹ̀ ní ibòmíràn. Ewé yìí ló ń bá wa pa omi mọ́ sínú ilẹ̀. Òun náà ni iná ń bá rìn. Iná inú kòkó kì í ga, kì í pariwo bíi ti pápá; ó ń rákò nílẹ̀ ni, láti ìdí igi kan dé ìdí òmíràn. Èèpo kòkó sì fẹ́lẹ́. Ooru tí ìrókò kò ní kà sí ni yóò se omi inú èèpo kòkó. Ní ọjọ́ kejì iná, ewé ṣì wà lórí igi, àlejò tó bá wá wò ó yóò ní kí a dúpẹ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, lẹ́yìn náà ni igi á máa gbẹ láti òkè wá. Kí olóko tó mọ iye tó pàdánù, ẹni tó dá iná ti padà sí ilé rẹ̀.

Kòkó tuntun ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àgbẹ̀ á máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ṣíji bò ó, á máa san owó àgbàro, kò sì ní rí èso kankan tà nínú rẹ̀. Igi tó ti dúró dáadáa lè bọ́ bàbá, kó tún bọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá jó oko kòkó, tó wá fi owó èso ọdún kan bẹ olóko, kò tíì sanwó igi. Àwọn àgbà ibí kò gbàgbé ọ̀dá ọdún 1983, nígbà tí iná gba oko kòkó láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé Gáná. Gáná tó kórè ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní sáà 1964/65 kórè nǹkan bí 159,000 ní sáà 1983/84. Iná nìkan kọ́ ló fà á, owó tí ìjọba wọn ń san fún àgbẹ̀ pẹ̀lú ti ba nǹkan jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ iná ló parí iṣẹ́ náà.

Ọ̀gágun, ohun tó mú kí n kọ ìwé yìí sí yín ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń dánra wò níbẹ̀, nítòsí ìlú Nanyuki, ní ẹsẹ̀ Òkè Kẹ́ńyà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, iná bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Lolldaiga, ilẹ̀ ìpamọ́ ẹranko kan ní agbègbè Laikipia. Ilẹ̀ tó jó lé ní 10,000 éékà. Èéfín bo abúlé tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, àyà ń há àwọn ènìyàn, ojú ń ta wọ́n. Àwọn erin sá kúrò nínú igbó, wọ́n wọ oko olóko. Ọkùnrin kan tó lọ bá wọn pa iná kò padà wálé, ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ pa. Sójà kan sì kọ ọ́ sórí Snapchat pé àwọn dá iná sílẹ̀, àwọn pa erin kan, ó dun òun, àmọ́ báyìí náà ni ayé rí.

Kí ló dá iná náà? Ẹ ó rò pé bọ́ǹbù ni, tàbí ọta àgbá. Ohun tó jáde nínú ìròyìn ni pé sítóòfù tí àwọn sójà fi ń se oúnjẹ ló dojú dé. Sítóòfù! Mo ka ibẹ̀ fún àwọn ará ilé mi, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ahéré ni iná oko ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ẹ lè ka gbogbo ọta yín tán, kí ẹ tọ́jú gbogbo ìbọn yín, kí ọmọ ogún ọdún tí ebi ń pa wá gbé omi tíì kaná sórí ewé gbígbẹ.

Àwọn ará Laikipia àti ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ Kẹ́ńyà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n rí gbà ni pé ilé ẹjọ́ Kẹ́ńyà kò ní àṣẹ lórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, adájọ́ kò gbà. Ìwé àdéhùn kan wà tí ìjọba méjèèjì ti fọwọ́ sí kí iná tó dé, tí ó sọ bí a óò ṣe yanjú ohun tí àwọn ọmọ-ogun náà bá bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ tí àdéhùn yẹn gbé kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì bá lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni owó tó jáde: mílíọ̀nù 2.9 pọ́n-ùn, fún ènìyàn 7,723. Ẹ bá mi pín in. Bí gbogbo wọn bá gba iye kan náà, kò tó 380 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ó lé oṣù mélòó kan.

Owó náà kéré, ó sì pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó mú un jáde rárá. Kì í ṣe àánú. Ìwé tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kó sítóòfù wọ igbó ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìwé yẹn ni àwa kò ní ní Odìgbó. Àwọn ará Laikipia ń bá ọmọ-ogun ilẹ̀ òkèèrè ṣẹjọ́, síbẹ̀ wọ́n ní ìwé tí wọ́n lè nà sókè. Àwa àti ọmọ-ogun tiwa kò ní nǹkan kan láàárín wa ju ìgbàgbọ́ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni èyí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2009, àwọn ọmọ-ogun Faransé ń yìnbọn ní àgọ́ Carpiagne lẹ́bàá ìlú Marseille, wọ́n lo ọta oníná, èyí tó máa ń tàn bó ṣe ń fò lọ kí ayìnbọn lè rí ibi tó ń gbà. Òfin wọn ti ní kí wọ́n má lò ó ní àkókò ọ̀dá. Òkè jó, iná dé etí ìlú ńlá náà, ilé ẹjọ́ sì dá ọ̀gá tó darí ìdánrawò náà lẹ́bi. Ní Ọsirélíà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, iná tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ-ogun ti ń fi ohun abúgbàù dánra wò ní Marrangaroo jó ilẹ̀ tó ju 45,000 hẹ́kítà lọ. Ti Jámánì ni n kò lè gbàgbé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti inú hẹlikópítà sórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ gbígbẹ kan ní Meppen, láti dán an wò. Ọkọ̀ pàtàkì méjì tí wọ́n ní fún pípa iná lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, èkejì bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iná náà jó ju oṣù kan lọ. Èéfín rẹ̀ lọ jìnnà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àwọn ará abúlé kúrò nílé, mínísítà ètò ààbò wọn fúnra rẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Jámánì nìyẹn o. Ọ̀nà tó wọ oko wa, ọ̀kadà ló ń gbà á, ọ̀kadà náà á sì dúró bí òjò bá rọ̀.

Nílé níbí, ẹ̀yin mọ Ìkejà jù mí lọ. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́: ilé ìkó-ohun-ìjà bárékè Ìkejà gbiná, bọ́ǹbù ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sì ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ títí ọ̀pọ̀ fi kó sínú kánáàlì Òkè-Afà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú. Ọ̀gá ológun ibẹ̀ tọrọ àforíjì, ó ní àwọn ti ń gbìyànjú láti tún ilé ohun ìjà náà ṣe kí àjálù tó dé. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù: wọ́n mọ̀, wọ́n fẹ́ ṣe é, wọn kò tíì ṣe é.

Iná kì í sì í gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2021, bárékè kan bú gbàù ní ìlú Bata ní Equatorial Guinea, ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà sọ pé àìbìkítà àwọn tó ń tọ́jú dínámáìtì ló fà á, ó sì ní iná tí àwọn àgbẹ̀ dá nítòsí ló ràn wọ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kó ohun ìjà jọ sínú igbó lẹ́bàá wa, iná oko tiwa náà lè dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí kì í ṣe ojúrere tí a ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọ yín wà nínú rẹ̀.

Bí èmi bá fẹ́ sun ìgbẹ́ tí mo ṣán, mo mọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe. N óò sọ fún àwọn tí oko wọn bá tèmi pààlà. N óò ro ààlà náà mọ́, kí iná má bàa rí ewé tí yóò bá sọdá. N óò dúró di ìrọ̀lẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, èmi àti ẹni méjì mẹ́ta pẹ̀lú ewé tútù àti kẹ́ẹ̀gì omi. Bí ó bá ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi, baálẹ̀ á ránṣẹ́ pè mí, n óò sì sanwó, tàbí kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ dí i. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ní ìlànà tó de iná ìgbẹ́, èyí tí NESREA, àjọ tó ń mójú tó òfin àyíká, gbé jáde ní 2011. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ẹni tó wọ aṣọ ológun kò sí lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi amòfin yín nípa Òfin Ààbò Òṣìṣẹ́ Ìjọba. Oṣù mẹ́ta ni òfin náà fún ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Kòkó tó jóná ní oṣù Kìíní, òjò oṣù Kẹrin ni yóò fi hàn wá èyí tó máa rúwé láti ìdí àti èyí tó kú tán. Nígbà tí a bá mọ iye tí a fẹ́ béèrè, àkókò àtibéèrè ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ṣòro, n kò sì ní yẹra fún un. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń dá kòkó níbí kì í ṣe onílẹ̀. Ẹlòmíràn ti ìlú jíjìn wá, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀; ẹlòmíràn gba oko ṣe lọ́wọ́ olóko, wọ́n ń pín èso. Àwọn kan sì wà tí kòkó wọn wà nínú igbó ọba gan-an, tí ìjọba ń lé wọn, tí wọ́n ń padà. Bí iná bá jó, ta ni ẹ ó sanwó fún? Bí ẹ bá sanwó fún onílẹ̀ nìkan, ẹni tó gbin igi á kú sórí ìyà. Ní tiwa, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìwé owó gbà-má-bínú ìjọba kì í sábà rántí èyí. Ti inú igbó ọba, mo mọ̀ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀ lójú òfin. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́ kí a fi iná lé wọn jáde.

Ẹ̀rí oko kò sì ṣòro rí mọ́. Láti ìgbà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣe òfin ọdún 2023 tó ní kí ẹni tó ń ta kòkó fún wọn fi ibi tí kòkó ti hù hàn, àwọn tó ń rà á ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ wọ oko pẹ̀lú fóònù láti rìn yí ààlà oko ká. Ohun tí àwọn oníṣòwò lè ṣe nítorí Yúróòpù, bírígéèdì lè ṣe é nítorí Odìgbó: kí ẹ ya àwòrán oko tó yí ibi ìdánrawò ká, kí ẹ ka igi, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ onílẹ̀, kí ẹ tó yin ọta kan.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ má lo ọta gidi nítòsí oko kòkó láti oṣù Kejìlá títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọta oníná àti iná àmì tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá ní ìgbà náà. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje wà níbẹ̀ tí igbó tutù. Bí dandan bá sì dé, kí ọkọ̀ omi wà níbẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gba àwọn ọmọ abúlé tó mọ igbó láti máa ṣọ́ iná, kí ẹ san owó iṣẹ́ wọn. Ẹ yẹ gbogbo ibẹ̀ wò lẹ́yìn náà, nítorí ọta tí kò bú ń dúró de ọmọ tó ń ṣa igi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fún wa ní ìwé tí bírígéèdì, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn baálẹ̀ fọwọ́ sí, tó sọ ọ́fíìsì tí a óò lọ ní Orè bí iná bá jáde, iye ọjọ́ tí wọn yóò fi wá wò ó, àti bí wọn yóò ṣe ṣírò owó igi, kì í ṣe owó èso nìkan. Kí ìwé náà sì sọ ní kedere pé ẹ kò ní fi ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta dí wa lọ́nà.

Ẹ lè ní bí ẹ bá kéde ọjọ́ ìdánrawò, àwọn ajínigbé á gbọ́. Ìjà ni a kì í kéde. Ìdánrawò tí rédíò ti ń sọ pé kí ará ìlú má fòyà sí, àṣírí wo ló kù nínú rẹ̀? N kò béèrè ọ̀nà tí sójà máa gbà lọ ká ẹnikẹ́ni mọ́ ibùba. Ọjọ́ tí ìbọn máa dún lẹ́bàá kòkó mi nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.

Gómìnà wa, ẹ̀dà yín kì í ṣe ti ọ̀wọ̀ lásán. Ilẹ̀ igbó ọba wà ní ìkáwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iye igi kòkó wà lọ́dọ̀ yín, bírígéèdì kò sì lè kọ ìwé yìí láìsí yín.

Oṣù Kọkànlá ni ewé ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ọ̀gá kan wá sí Àgọ́ Aláyè, kí ó jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí nǹkan, kì í ṣe ẹni tí yóò wá gbọ́ tẹnu wa kó sì lọ jíṣẹ́. A óò pe baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀, a óò pe àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó má wá ní ọjọ́ ọjà, nítorí kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kòkó kan ní Àgọ́ Aláyè